Ta Ló Pa Ta? Ọ̀rọ̀ Lórí Fíìmù Murder by Death

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí fíìmù kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1976. Murder by Death ni orúkọ rẹ̀. Fíìmù àwàdà ni, ṣùgbọ́n àwàdà rẹ̀ ní ẹni tó ń bá wí. Àwọn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àtijọ́ ló ń sín jẹ, àwọn tó ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó mọ fíìmù yìí kì í fi í ṣeré. Àwọn tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ló pọ̀ jù, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ̀rín inú rẹ̀ tó lè yéni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sín jẹ. Kí ni à ń pè ní ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́? Ìtàn tí wọ́n ti pa ènìyàn kan ni, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ẹni tó pa á. Àwọn tí a lè fura sí pọ̀: ìyàwó olóògbé wà níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ tó ti wọ gbèsè wà níbẹ̀, dókítà rẹ̀ wà níbẹ̀, ìránṣẹ́ tó ń gbé oúnjẹ fún un náà wà níbẹ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìgbà náà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yóò dé. Yóò wo ilẹ̀, yóò wo ojú fèrèsé, yóò béèrè ohun tó dà bí ẹni pé kò kan ọ̀rọ̀. Nígbà tó bá yá, yóò kó gbogbo wọn jọ sínú yàrá kan, yóò to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, yóò sì na ìka sí ẹni tó ṣe é.

Irú ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń ka ìwé Yorùbá. Ẹni tó bá ti ka Àjà Ló Lẹrù, ìwé tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1969, ti mọ Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ tí kì í rí ẹsẹ̀ ọ̀daràn kó má tọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti ka Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? tí Kọ́lá Akínlàdé kọ, ti mọ bí ọkàn ṣe ń fò sókè nígbà tí àṣírí bá fẹ́ tú.

Òfin kan ló gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ró. Òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ rẹ́ òǹkàwé jẹ. Ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá rí, òǹkàwé náà gbọ́dọ̀ rí i. Àwọn àgbà sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò so ikú ọmọ mọ́ igbe àjẹ́ gbọ́dọ̀ ti gbọ́ igbe náà. Ní 1929, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan tó ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, Ronald Knox, gbé òfin mẹ́wàá kalẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú òfin náà, ẹni tó bá jẹ̀bi gbọ́dọ̀ ti fara hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò sì gbọdọ̀ fi ohun tó tọ́ka sí ọ̀daràn pa mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òfin yìí sọ́kàn. Kò sí òǹkàwé tó fẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ìdí ọ̀rọ̀ fíìmù yìí nìyẹn.

Ta ló kọ ọ́? Neil Simon ni. Ọmọ New York ni, ó sì wà lára àwọn tí eré orí ìtàgé wọn lókìkí jù ní Amẹ́ríkà láyé rẹ̀. Òun ló kọ The Odd Couple. Ẹni tó darí fíìmù náà, Robert Moore, orí ìtàgé lòun náà ti wá. Ìdí nìyí tí fíìmù náà fi jọ eré orí ìtàgé: ilé kan, òru kan, ènìyàn díẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń lọ ọ̀rọ̀ ń bọ̀ láìsinmi.

Ìtàn rẹ̀ kò ṣòro. Ọlọ́rọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Lionel Twain. Ó kọ ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ márùn-ún tó lókìkí jù láyé, ó ní kí wọ́n wá jẹun alẹ́ nílé òun, kí wọ́n sì wá wo bí wọ́n ṣe ń pa ènìyàn. Wọ́n dé nínú kùrukùru. Bí wọ́n ṣe ń dé ẹnu ọ̀nà ni ère òkúta ń já bọ́ láti orí òrùlé, díẹ̀ ló kù kó bà wọ́n. Wọ́n tẹ aago ẹnu ọ̀nà, igbe obìnrin tí ẹ̀rù ń bà ni aago náà ké. Ilé yìí kò ṣe é sùn.

Ta ni àwọn àlejò náà? Ibí ni adùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ẹ̀dà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí ayé ti mọ̀. Orúkọ nìkan ni wọ́n yí padà díẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Milo Perrier. Ẹ̀dà Hercule Poirot ni, ará Belgium tí Agatha Christie dá sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1920. Poirot inú ìwé máa ń tún ara ṣe, ó sì fẹ́ràn oúnjẹ tó dára. James Coco tó ṣe Perrier wá sọ ìfẹ́ oúnjẹ yìí di ìyà. Ebi ń pa á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní ará Faransé, inú bí i nìyẹn.

Ẹnì kejì ni Jessica Marbles. Miss Marple ni wọ́n ń sín jẹ níbí, ìyá àgbà abúlé tí Agatha Christie kan náà dá sílẹ̀, tó ń hunṣọ tó sì ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀. Elsa Lanchester ló ṣe é. Ó ti kẹ̀kẹ́ arọ wọlé, ìyá arúgbó kan sì jókòó sínú kẹ̀kẹ́ náà. Ta ni ìyá yìí? Nọ́ọ̀sì Marbles ni. Ó ti tọ́jú ọ̀gá rẹ̀ pẹ́ títí tí òun fúnra rẹ̀ fi darúgbó, ọ̀gá ló wá ń tọ́jú nọ́ọ̀sì báyìí. Estelle Winwood tó ṣe nọ́ọ̀sì náà ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù yìí.

Ẹnì kẹta ni Sam Diamond. Ẹ̀dà Sam Spade ni, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ojú pópó tí Dashiell Hammett kọ nípa rẹ̀ nínú The Maltese Falcon, tí Humphrey Bogart sì ṣe nínú fíìmù ní 1941. Diamond wọ kóòtù òjò, ó ń sọ̀rọ̀ láti imú, ó sì ń halẹ̀ mọ́ gbogbo ayé. Peter Falk ló ṣe é. Ẹni tó bá ti wo Columbo lórí tẹlifíṣọ̀n yóò dá a mọ̀, nítorí pé láàárín àkókò kan náà ni Falk ń ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tòótọ́ nínú eré yẹn. Akọ̀wé Diamond, tí Eileen Brennan ṣe, ló ń ru ìyà gbogbo ohun tí ọ̀gá rẹ̀ bá dáwọ́ lé.

Ẹnì kẹrin jẹ́ tọkọtaya, Dick àti Dora Charleston. Hammett náà ló ni àwọn tí wọ́n sín jẹ, Nick àti Nora Charles inú The Thin Man, tó jáde ní ìwé àti ní fíìmù ní 1934. Olówó ni wọ́n, wọ́n láfẹ́, ajá kékeré kan kì í kúrò lẹ́yìn wọn, ọtí kì í sì wọ́n lọ́wọ́ wọn. David Niven àti Maggie Smith ló ṣe ọkọ àti aya.

Ẹnì karùn-ún ni Sidney Wang, tó mú ọmọ rẹ̀ Willie wá. Charlie Chan ni wọ́n ń sín jẹ níbí, ọlọ́pàá ará Ṣáínà ní Honolulu tí òǹkọ̀wé Earl Derr Biggers dá sílẹ̀ ní 1925. Òwe ni Wang ń fi gbogbo ẹnu pa, ọ̀pọ̀ nínú òwe náà kò sì lórí bẹ́ẹ̀ ni kò nídìí. Peter Sellers ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ lórí Sellers àti Wang yóò tún wáyé níwájú.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí àwọn òṣèré yìí. Kì í ṣe àwọn aláwàdà kéékèèké ni wọ́n kó jọ. Niven ti gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar. Maggie Smith ti gbà á. Alec Guinness, tó ṣe ìránṣẹ́ ilé Twain, ti gbà á fún The Bridge on the River Kwai. Ibi tí wọ́n ti ń ya Murder by Death ni Guinness ti ń ka ìwé eré Star Wars, fíìmù tó wá sọ ọ́ di ojúlùmọ̀ àwọn ọmọdé ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà òṣèré yìí kò ṣe é bí ẹni tó ń ṣàwàdà. Wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ pẹ̀lú ojú líle, ibẹ̀ gan-an lẹ̀rín ti ń jáde.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi èyí hàn. Ìránṣẹ́ tí Guinness ṣe, afọ́jú ni. Kúùkù tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí Nancy Walker ṣe, adití ni, kò sì lè sọ̀rọ̀. Afọ́jú ń fi ẹnu pàṣẹ fún ẹni tí kò gbọ́. Kúùkù ń na ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ sí fún ẹni tí kò ríran. Kí ló lè ti ibẹ̀ jáde? Àwọn àlejò jókòó sí ìdí tábìlì, ebi ti mú Perrier. Ìránṣẹ́ gbé àwo ọbẹ̀ dé. Ó ń fi ṣíbí ńlá bu ọbẹ̀ sí abọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ó ti yẹ nílé ọlọ́lá. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú àwo náà. Kúùkù kò gbọ́ pé kóun se oúnjẹ. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó gbọ́n jù láyé jókòó, wọ́n ń wo abọ́ òfìfo. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nídìí tábìlì náà. Olùwòran nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Twain fara hàn, ó sọ ìdí tó fi pè wọ́n. Ó ní tí agogo bá lu méjìlá òru, wọn yóò pa ẹnì kan nínú ilé náà. Ẹni tó bá lè sọ ẹni tó pa á yóò gba mílíọ̀nù dọ́là kan. Ó ní òun gbọ́n ju gbogbo wọn lọ, òun sì fẹ́ fi hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn àti fèrèsé tì gbọn-in. Kò sẹ́ni tó lè jáde.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo nǹkan dojú rú. Wọ́n bá òkú ìránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò ó, òkú ti lọ, aṣọ rẹ̀ nìkan ló kù. Kúùkù wá di ère ẹ̀rọ tí wọ́n tú palẹ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá oúnjẹ, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Wọ́n tì í, wọ́n tún un ṣí, gbogbo èèyàn wà níbẹ̀. Agogo méjìlá lù, ẹni tó kú sì ni Twain fúnra rẹ̀, ọ̀bẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara wọn, ó sì hàn pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ìdí láti kórìíra olóògbé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Báwo ló ṣe wá parí? Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n sọ òpin ìtàn fún òun lè di etí díẹ̀, ṣùgbọ́n òpin yìí ló gbé ọgbọ́n fíìmù náà dání, a kò lè fò ó.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá ìránṣẹ́ afọ́jú láàyè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé tọ̀ ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì sọ pé òun ti tú àṣírí. Ọ̀kan ní agbẹjọ́rò Twain ló para dà di ìránṣẹ́. Òmíràn ní olùṣirò owó rẹ̀ ni. Òmíràn tún ní ọmọbìnrin Twain ni. Ẹ̀rí ń bẹ lẹ́nu gbogbo wọn, ẹ̀rí ọ̀hún sì ń ta ko ara wọn. Guinness sì ń yí ohùn àti ìṣe padà bí wọ́n ṣe ń pè é. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó fa ìbòjú kúrò lójú. Twain ni, kò kú.

Ìgbà náà ni Twain wá bá wọn wí, bí ẹni pé àwọn fúnra wọn ni òǹkọ̀wé. Ó ní wọ́n ti tan àwọn òǹkàwé jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní wọ́n ń fi ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ó ní ní ojú ìwé márùn-ún tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ẹni tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí wọlé, wọn yóò sì ní òun ló pànìyàn. Ó ní kò sí bí òǹkàwé ṣe lè mọ̀ ọ́n. Ẹ ò rí i pé òfin tí Ronald Knox gbé kalẹ̀ ní 1929 ni Twain ń kà sí wọn létí? Kò sí òǹkàwé tó fẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ta ló ṣe Twain? Truman Capote ni, kì í sì í ṣe òṣèré. Òǹkọ̀wé ni. Ìwé rẹ̀ tó lókìkí jù, In Cold Blood, dá lórí ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní Kansas, níbi tí wọ́n ti pa ìdílé kan nínú ilé wọn. Ẹni tó ti kọ ìwé lórí ikú gidi ni wọ́n fi bá àwọn tó ń fi ikú ṣeré nínú ìwé wí. Ìyẹn kò lè jẹ́ èèṣì. Wọ́n tilẹ̀ yan Capote mọ́ àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ Golden Globe fún iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Àwọn àlejò wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n bá tiwọn lọ, wọn kò gba kọ́bọ̀. Ó wá ku Twain nìkan. Ó fa ìbòjú mìíràn kúrò lójú, kúùkù adití la tún rí lábẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Fíìmù parí. Ta ni Twain? Ta ló kú? Ṣé wọ́n tilẹ̀ pa ẹnikẹ́ni? Kò sí ìdáhùn. Ohun tí Twain bá àwọn òǹkọ̀wé wí fún gan-an ni fíìmù náà ṣe fún olùwòran. Ó fi ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ pa mọ́, ó sì mú ẹni tí a kò fura sí jáde lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan ti parí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé òpin náà kò nítumọ̀. Àìnítumọ̀ rẹ̀ ni àwàdà tó tóbi jù níbẹ̀.

Ṣé fíìmù náà wá pé láìkù síbì kan? Rárá o. Àbùkù rẹ̀ tó hàn jù ni Sidney Wang. Òyìnbó ni Peter Sellers, wọ́n sì kun ojú rẹ̀ kó lè jọ ará Ṣáínà. Òótọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù Charlie Chan. Warner Oland, ọmọ Sweden, ló kọ́kọ́ mú un lókìkí, Sidney Toler, ará Amẹ́ríkà, sì gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Fíìmù yìí gbìyànjú láti fi àṣà náà ṣe yẹ̀yẹ́. Twain a máa pariwo mọ́ Wang pé kó yéé gé ọ̀rọ̀ já, kó sọ ọ́ pé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sín àṣà burúkú jẹ kò gbọdọ̀ tún máa dá àṣà náà. Àwàdà tí wọ́n fi ẹ̀yà ènìyàn ṣe níbẹ̀ ti kan lónìí, kò sì yẹ kí a bò ó.

Kí ló dé tí fíìmù yìí kò fi gba iyì tó tọ́ sí i? Ohun àkọ́kọ́ ni pé ẹni tí kò mọ Poirot àti Sam Spade kò lè mọ ohun tí wọ́n ń sín jẹ. Bí àwọn tó wo fíìmù àtijọ́ wọ̀nyẹn ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín náà ń dín kù. Ohun kejì ni ọdún tó bọ́ sí. Ọdún 1976 náà ni Rocky, Taxi Driver àti All the President's Men jáde. Fíìmù àwàdà tó bá jáde láàárín irú àwọn wọ̀nyẹn, ẹ̀yìn ni wọn yóò fi í sí. Ohun kẹta ni pé àwọn tó ń ṣòdiwọ̀n fíìmù kì í sábà ka àwàdà sí iṣẹ́ ọgbọ́n.

Ṣùgbọ́n ipa tó fi sílẹ̀ hàn kedere. Simon, Moore àti Falk padà sídìí irú àwàdà náà ní 1978 pẹ̀lú The Cheap Detective. Ní 1985, Clue jáde, òun náà kó àwọn àjèjì sínú ilé ńlá ní òru òjò, Eileen Brennan sì tún wà nínú rẹ̀. Clue yàtọ̀ ní ti pé òpin mẹ́ta ni wọ́n ṣe fún un. Murder by Death ti ṣáájú rẹ̀ fi hàn pé òpin ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe é fi ṣeré.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kókó ọ̀rọ̀? Fíìmù yìí kò kórìíra ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn nǹkan kò lè mọ ọ́n tó báyìí kó tó sín in jẹ. Ohun tó ń bá jà ni ìrẹ́jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ adùn rẹ̀ dáadáa, kó kọ́kọ́ ka ìwé Poirot kan, tàbí kó wo The Maltese Falcon ti 1941. Lẹ́yìn náà ni kó wá wo Murder by Death. Nígbà mìíràn tí òun náà bá ń ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ì báà jẹ́ ti Òyìnbó ì báà jẹ́ ti Yorùbá, kó bi òǹkọ̀wé léèrè pé: ṣé gbogbo ohun tí o mọ̀ lo fi hàn mí?